Ṣé o mọ̀? Ìṣirò wà nínú kọ̀ǹténà tó ń gba Ìjọra ní Èkó kọjá

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹténà tí a ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 kò pé ẹsẹ̀ bàtà 20? Mítà 6.058 ni gígùn rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 ní tiẹ̀ jẹ́ mítà 12.192. To kékeré méjì tẹ̀lé ara wọn lórí tírélà, mítà 12.116 ni wọn yóò jẹ́. Ó ṣẹ́ku àlàfo sẹ̀ǹtímítà 7.6, bí ìka ọwọ́ mẹ́rin tí a pa pọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín gígùn kékeré kù ni, kí méjì lè wọ àyè ọ̀kan láìfún mọ́ra.

Irú iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ ilé ìwé gbé lọ síbi ìdíje ìṣirò nìyí. Kó wọn kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20, kó fi 20 pín ìwọ̀n náà, kó fi páálí kọ́ ọ: gígùn rẹ̀ yóò tó bíi rúlà kan. Lẹ́yìn náà, kó ṣàlàyé àlàfo yẹn fún àwọn adájọ́.

Ìdíje ìdáhùn kíákíá kò ṣàjèjì sí wa. Ìdíje ìṣirò Cowbell, fún àpẹẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998. Ó dára púpọ̀, àmọ́ ọmọ tó máa ń ronú pẹ́ náà ní ẹ̀bùn, ìdíje iṣẹ́ ọwọ́ ló sì máa ń gbé e yọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìjọra àti Ajégúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò ní táámù yìí. Kọ̀ǹténà tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀bù ni kí àwọn ọmọ wọ̀n, kì í ṣe èyí tó wà lórí tírélà.