Ajá Kékeré Tí Ń Gé Ni Jẹ

Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, kì í sì í ṣe ajá ọdẹ tàbí ajá ńlá tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu géètì. Ajá kékeré ni, èyí tí ó ń bá onílé jókòó lórí àga tìmùtìmù. Bí ajá ńlá bá kùn sí àlejò, gbogbo ilé ni yóò dìde, ṣùgbọ́n bí kékeré bá yọ eyín, ẹ̀rín ni a ó fi pàdé rẹ̀, a ó ní, "Ẹ ò rí akọni yìí!" Bẹ́ẹ̀ ni kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìyá kan wá bá mi ní ọjọ́ kan. Ajá rẹ̀ ti gé ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, jẹ ní ètè. Ó ní láìsọ tẹ́lẹ̀ ni ajá náà ṣe é. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé kì í kùn rárá?"

Ó dáhùn pé, "Ó máa ń kùn tẹ́lẹ̀, sà, pàápàá bí ó bá ń jẹun. Ṣùgbọ́n a nà án títí ó fi jáwọ́."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kíkùn ni ajá fi ń sọ fún ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn." Bí a bá fi pàṣán gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rù tí ó ń bà á kò kúrò, ìkìlọ̀ nìkan ni a pa. Kí ajá tó kùn pàápàá, ara rẹ̀ yóò ti le, yóò máa yí ojú kúrò, yóò máa lá ẹnu láìsí oúnjẹ níwájú rẹ̀, funfun ojú rẹ̀ yóò sì hàn. Ẹni tí ó bá rí èyí, kí ó fi í sílẹ̀. Kí a má ṣe máa já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀ láti fi hàn pé àwa ni ọ̀gá. Bí a bá ń kọjá lọ, kí a ju ẹran díẹ̀ sí ìtòsí abọ́ rẹ̀ láti òkèèrè; láìpẹ́ yóò mọ̀ pé ire ni ẹni tí ń bọ̀ mú wá. Kí a má sì fi ọmọdé nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ajá, bí ó ti wù kí ajá náà kéré tó.

Irú ajá tí wọ́n ń pè ní Lhasa Apso, tí àwọn ará Èkó fẹ́ràn púpọ̀, ní ìdí tirẹ̀. Ilẹ̀ Tibet ni ó ti ṣẹ̀ wá, níbi tí wọ́n ti ń sìn ín nínú ilé láti máa kígbe bí àjèjì bá wọlé. Ìfura ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Irun a sì máa bò ó lójú, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ tí ó bá ti òkè wá yóò bá a lójijì. Ẹ gé irun náà, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ajá oníwà pẹ̀lẹ́ bá ṣàdédé yí padà, ẹ gbé e lọ fún dókítà ẹran. Ó lè jẹ́ etí tàbí eyín ni ó ń dùn ún.

Ti ọmọ ajá kò le tó bẹ́ẹ̀. Eyín 28 ni ó kọ́kọ́ ń hù, èyí tí ó ń re láti bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí 42 tó rọ́pò rẹ̀, erìgì a sì máa yún un. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ìwọ̀n: bí ó bá gé èkejì jù, èkejì a ké, eré a sì dópin. Nítorí náà kí a má ṣe gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí ó bá fi eyín kàn yín, ẹ dá eré dúró, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i díẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun mìíràn tí yóò máa rún. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń ṣe èyí tí ẹ̀gbọ́n sì ń fi ìka bá a jà, asán ni.

Mo bi ìyá yẹn bóyá ajá rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó dákẹ́. Nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, epo pupa ni wọ́n fi pa ojú ọgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó yè é. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a bá tètè gbà ń dènà rẹ̀. Ajá fúnra rẹ̀ yẹ kí ó gba tirẹ̀ ní bí ọmọ oṣù mẹ́ta, kí ó sì máa tún un gbà bí dókítà ẹran bá ti wí. Ẹ má sì pa ajá tí ó gé ni jẹ: ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà máa wò ó fún ọjọ́ 10.