Ìlẹ̀kẹ̀ Mẹ́rin, Lẹ́tà Mẹ́rin: Bí Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣe Ń Dìbò Lórí Ìwé Ìhìn Rere

Pupa, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ eérú, dúdú. Nígbà kan rí, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin yìí ló máa ń wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá pé jọ síbi ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Jesus Seminar ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ti jiyàn tán lórí gbólóhùn kan tí Ìhìn Rere sọ pé ó ti ẹnu Jésù jáde, wọ́n á gbé àpótí wá, kálukú á sì ju ìlẹ̀kẹ̀ kan sínú rẹ̀. Pupa ni pé Jésù ló sọ ọ́, tàbí ohun tó jọ ọ́ gan-an. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni pé ó jọ pé ó sọ irú rẹ̀. Eérú ni pé kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí èrò rẹ̀. Dúdú ni pé àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló fi sí i lẹ́nu.

Robert Funk ló dá ìpàdé yìí sílẹ̀ ní California lọ́dún 1985. Nígbà tí ìwé tí wọ́n kó èsì ìbò náà sí, The Five Gospels, jáde lọ́dún 1993, ariwo sọ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, bíi 18 nínú 100 péré ló gba pupa tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú Àdúrà Olúwa ti inú Mátíù, tí ọmọdé ń kà lórí, “Baba wa” nìkan ló gba pupa. Wọ́n tún mú ìwé Tọ́másì, tí kò sí nínú Bíbélì, wọ́n fi ṣe Ìhìn Rere karùn-ún.

Ibi ìṣirò wọn gan-an ló yẹ kéèyàn ti fara balẹ̀. Kì í ṣe pé ìhà tó bá ní èèyàn jù ló ń borí. Pupa gba máàkì 3, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ gba 2, eérú gba 1, dúdú ò gba nǹkan kan. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì pín in. Ẹ wo òwe bàbá tó rán ọmọkùnrin méjì lọ sóko àjàrà, nínú Mátíù orí 21. Àwọn tó ju pupa tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí i ju ìdajì lọ, síbẹ̀ máàkì kékeré tí àwọn tó kù fún un fà á wálẹ̀, ó bọ́ sí eérú. Ẹni tó bá rí àwọ̀ náà nìkan á rò pé ṣe ni wọ́n panu pọ̀. Luke Timothy Johnson, ọ̀jọ̀gbọ́n Májẹ̀mú Tuntun, kọ odindi ìwé kan, The Real Jesus, lọ́dún 1996 láti ta kò wọ́n.

Ìgbìmọ̀ kan tún wà tí kì í pariwo, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Ẹgbẹ́ Bíbélì àgbáyé ló pè é jọ, kí àwọn tó ń túmọ̀ Bíbélì sí oríṣiríṣi èdè lè rí Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì tó ṣeé gbára lé. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1966. Kurt Aland ti Münster ní Jámánì, Matthew Black ará Scotland àti Bruce Metzger ti Princeton wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, Carlo Maria Martini, àlùfáà Àgùdà tó padà di kádínà, dara pọ̀ mọ́ wọn. Tiwọn kì í ṣe bóyá Jésù sọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí ẹni tó kọ ìwé náà kọ́kọ́ kọ ni wọ́n ń wá, nítorí ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti pòórá. Àdàkọ ló ṣẹ́ kù, ó lé ní 5,000 lédè Gíríìkì, òmíràn odindi, òmíràn àjákù, ẹnu wọn ò sì kò níbi gbogbo.

Wọn kì í ka iye àdàkọ, wọ́n ń wọ̀n wọ́n ni. Bí ogún èèyàn bá wá ròyìn ìjà fún ọ, tó sì jẹ́ pé ẹnu ìyá kan náà ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, ẹlẹ́rìí kan péré lo ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgọ́rùn-ún àdàkọ tó ti ara ìwé kan ṣoṣo jáde. Wọ́n sì ń béèrè pé: èwo nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí ni adàwékọ máa fẹ́ tún ṣe? Nínú Máàkù 1:41, nígbà tí adẹ́tẹ̀ bẹ Jésù, ọ̀pọ̀ ìwé sọ pé àánú rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n Codex Bezae, ìwé àtijọ́ tó wà ní Cambridge, sọ pé inú bí i. Ta ni yóò rí àánú tí yóò sọ ọ́ di ìbínú? Àmọ́ Bezae fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró láàárín àwọn ìwé Gíríìkì. Ìgbìmọ̀ mú àánú, wọ́n sì fi lẹ́tà D sí i nínú ẹ̀dà kẹta. Lẹ́tà mẹ́rin, A dé D, ni wọ́n fi ń sọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe dá wọn lójú tó: A ni ìdánilójú, D ni pé ọ̀rọ̀ náà le gan-an fún wọn. Nínú ẹ̀dà kẹrin lọ́dún 1993, D ti di B. Kò sí ìwé Gíríìkì tuntun kan tó yanjú ẹjọ́ náà láàárín ìgbà yẹn. Ọkàn àwọn onídàájọ́ ló balẹ̀ sí i. Èyí kọ mí lóminú díẹ̀.

Ohun tó mú kí n ṣì fọkàn tán wọn ju àwọn onílẹ̀kẹ̀ lọ ni ìwé àlàyé tí Metzger kọ lọ́dún 1971. Ó sọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìbò bá sì bi ẹnì kan lulẹ̀, onítọ̀hún láyè láti kọ àtakò tirẹ̀ sínú àkámọ́, kó fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí i.

Èyí tó kan àwa níbí jù ni ìparí Máàkù. Ẹsẹ 9 sí 20 ní orí 16, níbi tí ọ̀rọ̀ gbígbé ọwọ́ lé aláìsàn àti lílé ẹ̀mí èṣù jáde wà, ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa fi ń wàásù. Ìgbìmọ̀ fi àkámọ́ oníbejì yí i ká, wọ́n sì fún un ní A: ó dá wọn lójú pé kò sí nínú ohun tí Máàkù kọ́kọ́ kọ. Wọn ò yọ ọ́ o, nítorí ó ti pẹ́. Irenaeus, òǹkọ̀wé ìjọ àtijọ́, ti mẹ́nu kan án ní nǹkan bí ọdún 180. Ẹlẹ́rìí tó wúwo jù lòdì sí i ni ìwé méjì ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. Sinaiticus, tí Britain fi £100,000 rà lọ́wọ́ ìjọba Soviet lọ́dún 1933, parí sí ẹsẹ 8, níbi tí ẹ̀rù ti ba àwọn obìnrin tí wọ́n sì sá kúrò níbi ibojì. Vaticanus, tó wà ní Róòmù, náà parí síbẹ̀. Àmọ́ òpó mẹ́ta mẹ́ta ni Vaticanus ń kọ sójú ìwé, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun ní òpó tó tẹ̀ lé ibi tó parí sí. Nígbà tó kọ Máàkù tán ní òpó kejì, kò bẹ̀rẹ̀ Lúùkù ní òpó kẹta. Ó fò ó, ó ṣí ojú ewé tuntun. Òpó òfìfo yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.