Ajá Nínú Mọ́tò

Bí tọkọtaya bá wa mọ́tò láti Ìkẹ́rẹ́ lọ pàgọ́ nídìí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní Ìkògòsì, tí ajá wọn sì bá wọn lọ, oòrùn ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Àwa a máa làágùn kí ara wa lè tutù. Òógùn ajá kò tó nǹkan. Ṣe ni í yọ ahọ́n, tí í mí hẹlẹhẹlẹ. Nínú mọ́tò tí a tì sínú oòrùn, láàárín ìṣẹ́jú 10, ooru lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 Celsius ju ti ìta lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ajá ń mí sínú. Kì í pẹ́ pa á. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò tó. Bí ẹ bá dúró jẹ iyán lọ́nà, ẹ mú un sọ̀kalẹ̀ sí ibòòji, ẹ fún un lómi. Ajá kò lè sọ pé ooru ń mú òun.