Kí Ló Kan Challenge Nínú Ogun Oògùn Olóró?

Nínú Civic Education ti SS2, wọ́n kọ́ wa ní ohun tí NDLEA jẹ́, wọ́n kọ́ wa ní ti NAFDAC, wọ́n sì ní ká kọ iṣẹ́ márùn-ún márùn-ún tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. A kọ ọ́, a há a sórí, a fi ṣe ìdánwò. Ohun tí ìwé yẹn ò sọ ni bí àwọn àjọ wọ̀nyí ṣe ń so iṣẹ́ wọn pọ̀, àti ìdí tí ìlú Ìbàdàn fi wà láàárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ náà. Ẹnìkan ní kíláàsì wa gbọ́ pé mo fẹ́ kọ̀wé lórí ẹ̀, ó ní, "Ṣé Challenge ti di Apapa ni?" Rárá o. Àmọ́ ohun tó bá gúnlẹ̀ sí Apapa kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ wo máàpù. Ọ̀nà márosẹ̀ láti Lagos wá sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, kò tó kìlómítà 130. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde gba Ìdí-Ayùnrẹ́ wọ̀lú, ó já sí Oríta Challenge. Ọ̀nà Ifẹ̀, tí ọkọ̀ Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Ẹdó ń gbà, wọ̀lú lápá Iwo Road. Ti Ìsẹ́yìn ń lọ sókè títí dé Ṣakí, láti ibẹ̀ èèyàn lè dé Òkèrètè níbi tí àwa àti orílẹ̀-èdè Benin ti pààlà. Ẹni tó bá ń lọ sí òkè Ọya á gba Òjòó. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, inú Ìbàdàn ni wọ́n ti ń pàdé. Ohun tó mú kí gáréèjì wa pọ̀ nìyẹn, òun ló mú kí ọjà wa tà, òun náà ló sì mú kí ẹni tó ń gbé oògùn olóró fẹ́ràn ìlú wa. Níbi tí èrò bá ti pọ̀ bíi ti Challenge ní aago méje àárọ̀, ta ló máa mọ ohun tó wà nínú báàgì ẹnìkejì?

Ẹrù méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni igbó, tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ wa níbí, nínú aginjù Oǹdó, Ẹdó, Ọ̀ṣun àtàwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tó yí wa ká. (Igbó nínú igbó, Yorùbá ò tiẹ̀ fún un ní orúkọ mìíràn.) Ìkejì ni oògùn oníhóró, pàápàá Tramadol, tó sábà máa ń ti Íńdíà wá nínú kọ̀nténà.

Tramadol fúnra ẹ̀ kì í ṣe májèlé. Oògùn ìrora ni, dókítà lè kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Èyí tí NAFDAC fọwọ́ sí ò ju 100 mílígíráàmù lọ. Èyí tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ máa ń jẹ́ 225, 250, kódà ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ ń gbé e mì kó má bàa rẹ̀ ẹ́, alágbàṣe ń gbé e mì kó lè ru bíríkì, àwọn kan lára àwa ọmọ ilé ìwé náà ń gbé e mì nítorí pé wọ́n ní ó ń jẹ́ kéèyàn lè kàwé mọ́jú. Ẹni tó bá lò ó ní àlòjù, gìrì lè gbé e. Èémí ẹ̀ sì lè máa falẹ̀, falẹ̀, títí tó fi máa dúró. Ìyẹn ni wọn kì í sọ fún ẹni tí wọ́n ń tà á fún.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibòmíràn ni mò ń sọ. Ìwádìí ọdún 2018 tí ọ́fíìsì UN tó ń rí sí oògùn olóró (UNODC) àti ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba wa (NBS) jọ ṣe sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù 10.6 mu igbó, mílíọ̀nù 4.6 lo Tramadol, kodéènì àti irú wọn lọ́nà tí kò yẹ. Tí a bá sì pín in sí ẹkùn mẹ́fà, ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ìyẹn ilẹ̀ wa níbí, ló ga jù: ìpín 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ẹni mẹ́rin tó ń lò ó, obìnrin ni ọ̀kan, nítorí náà kí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa má máa wo àwọn ọkùnrin nìkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi ikọ̀ alájọṣe, tí àwọn oníròyìn ń pè ní tásíkì fọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan tó ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ètò ni, tí àwọn àjọ tí agbára wọn yàtọ̀ síra fi ń pawọ́ pọ̀: wọ́n á kó òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n á ta ara wọn lólobó, ẹni tí òfin gbà láyè láti mú èèyàn á mú un, ẹni tí òfin gbà láyè láti gbé e lọ ilé ẹjọ́ á gbé e lọ. Ẹ jẹ́ ká fi páálí Tramadol kan ṣe àpẹẹrẹ, ká tẹ̀ lé e láti etíkun dé ọ̀dọ̀ wa.

Páálí náà dé Apapa nínú kọ̀nténà. Ìwé tó bá a wá lè sọ pé nǹkan mìíràn pátápátá ló wà nínú ẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló láṣẹ láti tú kọ̀nténà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí oògùn olóró níbẹ̀, NDLEA ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé oògùn gidi ni àmọ́ tí agbára ẹ̀ ju èyí tí òfin gbà lọ, NAFDAC ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní páálí yẹn yọ́ kọjá, ó di inú ọkọ̀, ó di ojú ọ̀nà márosẹ̀. NDLEA, tí ìjọba fi òfin 48 ti ọdún 1989 dá sílẹ̀, ló máa ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Tí ẹ bá ń ka ìwé tí agbẹnusọ wọn, Femi Babafemi, máa ń gbé jáde lọ́jọ́ Sunday, ẹ máa rí ọ̀nà Lagos sí Ìbàdàn níbẹ̀ léraléra. Ká ní ó tún yọ́ kọjá. Ó dé ìlú, wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́, káàdì kan lọ sí kẹ́mìsì tí kò ní ìwé àṣẹ, káàdì kan lọ sí ìsọ̀ alágbo. Kọ̀ǹdọ́ kan rà á. Kọ̀ǹdọ́ ní àbúrò. Àbúrò ẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà ní Apapa ò mọ ọmọ yẹn. Ìyá ọmọ yẹn, tó ń rí i pé ojú ẹ̀ ń yí padà, ò mọ kọ̀nténà kankan. Ẹni kọ̀ọ̀kan di apá kan mú, kò sí ẹni tó rí gbogbo ẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ti igbó yàtọ̀ díẹ̀, torí inú oko ló ti ń wá. Níbẹ̀ ni Àmọ̀tẹ́kùn ti wúlò. Ìbàdàn níbí ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ti ṣí i ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, àjọ DAWN tí ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní Cocoa House ní Dugbẹ̀ sì wà lára àwọn tó ṣètò ẹ̀. Kì í ṣe torí oògùn olóró ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, torí ajínigbé àti ọ̀daràn ojú ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ọdẹ wà nínú wọn, àgbẹ̀ wà nínú wọn, wọ́n mọ ọ̀nà tó wọnú igbó ju ẹni tí wọ́n gbé wá láti Àbújá lọ. Ohun tí wọn ò ní ni àṣẹ láti ṣẹjọ́. Tí wọ́n bá mú ẹni tó gbé igbó, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá tàbí NDLEA lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nìkan ló sì lè gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ ju Nàìjíríà lọ. Ní oṣù kejìlá 2008, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí oògùn olóró, torí nígbà náà kokéènì láti Gúúsù Amẹ́ríkà ti ń gba Guinea-Bissau àti etíkun wa lọ sí Yúróòpù. Láti 2010 ni UNODC, INTERPOL àti àjọ kọ́sítọ́ọ̀mù àgbáyé sì ti ń ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní AIRCOP, tó ń kó ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù àti àwọn tó ń gbógun ti oògùn olóró sínú ikọ̀ kan ṣoṣo ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó wà ní Lagos, ó wà ní Cotonou, Lomé àti Dakar. Tí èrò kan bá sá fún ti Lagos, tó gba Cotonou, wọ́n lè ti ránṣẹ́ ṣáájú ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, nígbà tí NDLEA rí kokéènì tó lé ní tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ nínú ilé kan ní Ìkòròdú, èyí tó tíì pọ̀ jù lọ nínú ìtàn wọn, àwọn ará Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìkòròdú! Kì í ṣe ibi tó jìnnà sí wa.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wù mí. Ẹni tí wọ́n ń rí mú jù ni ẹni tó gbé káàdì mẹ́ta sápò, ẹni tó ni kọ̀nténà ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà sì ní láti ní ẹni tó ń ṣọ́ òun. Ní oṣù kejì 2022, NDLEA fúnra wọn kéde pé àwọn ń wá ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, lórí ẹ̀sùn kokéènì kìlò 25, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Bí àjọ méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan lè tú àṣírí èkejì. Èmi rò pé ìyẹn náà jẹ́ ara àǹfààní ikọ̀ alájọṣe, bí wọn ò tiẹ̀ kì í kọ ọ́ sínú ìwé Civic.

Òfin ńkọ́? Nígbà kan, ikú ni. Ní oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Lagos lábẹ́ òfin 20 ti ọdún 1984. Ìyẹn ti kúrò. Òfin NDLEA ti òní ní ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó kó oògùn olóró wọlé tàbí tó tà á, ọdún 15 sí 25 fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ní in lọ́wọ́. Ẹ fi ojú sí "mọ̀ọ́mọ̀" yẹn dáadáa. Bùrọ̀dá àdúgbò kan lè ní kó o bá òun gbé báàgì fún ẹnìkan ní New Garage, kó fún ẹ ní owó ọkọ̀ àti ti búrẹ́dì. Tí wọ́n bá tú báàgì náà lójú ọ̀nà, ọwọ́ ẹ ló wà. Ìwọ ló máa di dandan fún láti máa ṣàlàyé pé o ò mọ̀, bùrọ̀dá ò ní sí níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003 wà fún irú bùrọ̀dá bẹ́ẹ̀: àgbàlagbà tó bá fi ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 gbé oògùn olóró, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ẹni tí kò bá tíì pé 18, ilé ẹjọ́ ẹbí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹ kó lọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ àgbà.

Ìfòfindè nìkan ò sì tó. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2018, mínísítà ètò ìlera nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole (ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ ni), fòfin de kíkó kodéènì wọlé fún oògùn ikọ́, lẹ́yìn ìròyìn kan tí BBC gbé jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti mọ́ lára ò lè jí lọ́jọ́ kejì kó sọ pé òun ò mu mọ́. Ìtọ́jú ló nílò, ó sì wà nítòsí: ẹ̀ka àwọn dókítà ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn Aro tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1954 sì ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. NDLEA náà, láti oṣù kẹfà 2022, ní nọ́ńbà kan tí kò gba owó, tọ̀sán tòru: 080010203040. Kì í ṣe láti wá mú èèyàn ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ẹni tó gbé e á bá ọ sọ̀rọ̀, á sì júwe ibi tó o lè lọ.

Press Club ti kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ pátákó yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya á. Ẹni tó nílò ẹ̀ lè máà fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.