Owó Ìwádìí ní Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn: Ta Ni Ó Ni Ìbéèrè?

Àwọn àgbà a máa wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òwe náà bá iṣẹ́ ìwádìí mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá iṣẹ́ ìwàásù mu. Oníṣègùn tí ó fẹ́ mọ ìdí tí àrùn kan fi ń dá àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ ní àdúgbò kan kò lè fi ọwọ́ lásán mọ̀ ọ́n. Yóò ra ohun èlò. Yóò sanwó fún àwọn tí yóò máa ti ojúlé dé ojúlé béèrè ọ̀rọ̀. Yóò sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Yóò ra epo sí ẹ̀rọ amúnáwá kí ẹ̀jẹ̀ tí ó gbà má baà bàjẹ́ nínú fìríìjì. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò mọ ọ̀nà. Ẹni tí ó gùn ún ni ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun ń lọ. Ohun tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò ni ibi tí owó ìwádìí ti ń wá sí ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, bí ó ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tí ó ń wá a, àti ìdí tí ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ìròyìn owó tó dé.

Iṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù ni ilé-ìwòsàn tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún 1975 ni a dá a sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ Yunifásítì Ifẹ̀. Nígbà tí a sọ yunifásítì náà ní orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, ilé-ìwòsàn náà bá a pa orúkọ dà. OAUTHC ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é lónìí. Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ó wà ní Iléṣà, níbi tí ilé-ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ wà. Ó sì wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé pẹ̀lú.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a gbé lé irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: ìtọ́jú aláìsàn, ìkọ́ni ní iṣẹ́ ìṣègùn, àti ìwádìí. Ará Ìlódè tí ó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ síbẹ̀ mọ ti àkọ́kọ́ dájúdájú. Bí ó bá rí àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ̀lé dókítà àgbà láti ibùsùn dé ibùsùn, yóò mọ ti ìkejì. Ti ìkẹta ni ó fara sin fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkẹta yìí ni ó ń bọ́ méjì ìyókù, nítorí pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò wádìí, a kò lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a kò sì lè fi wo aláìsàn.

Ohun tí Ìmẹ̀sí-Ilé kọ́ ayé

Kí á tó sọ̀rọ̀ owó, ó yẹ kí á rántí ìwádìí kan tí ó ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí jáde lọ sí gbogbo ayé. Ní ọdún 1956, oníṣègùn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn àrùn tí ń pa àwọn ọmọdé kì í ṣe àjèjì: ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, ibà, àti àìrí oúnjẹ tí ó ṣara lóore jẹ. Ìbéèrè tí ó dìde ni pé, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ láàárín ọjọ́ tí a bí i sí ọjọ́ tí a gbé e dé ilé-ìwòsàn nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́?

Láti wá ìdáhùn, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ìwọ̀n ara wọn déédéé, wọ́n sì ń fi àmì sí i lórí káàdì. Bí ìlà orí káàdì bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ìlà náà bá dúró tàbí tí ó wálẹ̀, ewu ń bọ̀, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí i. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé. Láti ibẹ̀ ni lílo káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti tàn káàkiri àgbáyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ìmẹ̀sí-Ilé tún wà lára àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò ní ilẹ̀ Adúláwọ̀.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé òṣùwọ̀n, káàdì àti sùúrù ni olórí ohun èlò rẹ̀, àti pé láti ojú àwọn ọmọ tí ń kú níbẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀ ti wá.

Àpò owó ti ilé

Lónìí, àpò owó méjì ni ó wà níwájú olùwádìí: ti ilé àti ti òkèèrè. Nínú ti ilé, èyí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì mọ̀ jù ni TETFund. Òfin ọdún 1993 ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tí ó pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn sílẹ̀ fún ètò ẹ̀kọ́. Àwọn òfin tí ó tẹ̀lé e ti yí iye náà padà. Òfin ọdún 2011 fi owó náà mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Apá kan nínú owó ìwádìí rẹ̀ wà fún iṣẹ́ kéékèèké tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Apá kejì ni èyí tí àwọn olùwádìí jákèjádò orílẹ̀-èdè ń bá ara wọn du, bílíọ̀nù 7.5 náírà ni a yà sọ́tọ̀ fún un ní ọdún 2020.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn gidigidi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà àgbà ibẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Yunifásítì ni ó gbà wọ́n sí iṣẹ́. Àwọn mìíràn wà, dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí ó jẹ́ pé ilé-ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni ó gbà wọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni òfin TETFund dárúkọ, kò dárúkọ ilé-ìwòsàn. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí ó ti ń kíyè sí ohun kan ní wọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ wá olùkọ́ yunifásítì kan tí wọn yóò jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí olùkọ́ náà sì ṣe aṣáájú. Ẹni tí kò bá ti wá ẹnìkejì rẹ̀ ṣáájú, etí rẹ̀ ni yóò fi gbọ́ ìkéde. Kò ní í lè fi ọwọ́ kàn án.

Àpò owó ti òkèèrè

Àpò ti òkèèrè ti ṣe púpọ̀ nílẹ̀ yìí. Láti ọdún 2008 ni ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní CARTA ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn olùkọ́ yunifásítì ilẹ̀ Adúláwọ̀ lọ́wọ́ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Yunifásítì ti Ifẹ̀ àti ti Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2013, ilé-ìwòsàn Ifẹ̀ àti ilé-ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ti ìlú New York jọ dá ẹgbẹ́ ARGO sílẹ̀ láti máa ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, pàápàá jẹjẹrẹ ìfun ńlá, láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ afúnni ní ń bẹ lókè, ó sì lè ká ara rẹ̀ kò nígbàkígbà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Ààrẹ Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí àṣẹ tí ó dá ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún náà, USAID kò pín ìrànwọ́ mọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, NIH, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé òun kò ní í fún ẹnikẹ́ni ní owó tuntun tí ìpín abẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè bá wà nínú rẹ̀, títí a ó fi ṣe ètò mìíràn. Ìtumọ̀ ìpín abẹ́ ni pé yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni ó gba owó, tí ó wá pín nínú rẹ̀ fún alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ mìíràn. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí nílẹ̀ Adúláwọ̀ ń gbà rí owó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ àpò kan ṣoṣo mọ bí ìkéde bẹ́ẹ̀ ti rí: àwọn tí a ń tọpa wọn ń dúró de ìbẹ̀wò, àwọn òṣìṣẹ́ ń retí owó oṣù, ìwé sì ti dé pé kí iṣẹ́ dúró.

A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè kọ owó òkèèrè sílẹ̀. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé kí olùwádìí má fi ẹyin rẹ̀ yé sí ìtẹ́ kan ṣoṣo, kí ó má sì jẹ́ kí àpò owó sọ ohun tí yóò máa béèrè fún un. Bí ìkéde tòní bá ní jẹjẹrẹ ni òun ń fẹ́, tí tọ̀la sì ní ibà ni, ẹni tí kò ní ìbéèrè tirẹ̀ yóò máa sáré kiri. Ogún ọdún yóò kọjá, kò sì ní í sí ọ̀rọ̀ kan tí a lè wí pé òun ni ó yanjú rẹ̀.

Láti ìkéde dé owó

Ọ̀nà tí ìkéde ń gbà di owó gùn ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Olùwádìí yóò kọ ìwé àbá, nínú èyí tí yóò ti ṣàlàyé ohun tí a kò tíì mọ̀, ìdí tí ó fi yẹ kí á mọ̀ ọ́n, bí òun yóò ṣe wá a, àwọn tí yóò bá òun ṣe é, àti iye tí yóò ná wọn. Ẹ̀ka ìṣúná yóò yẹ ìnáwó náà wò. Ọ̀gá ẹ̀ka yóò fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣe ìwádìí lára wọn yóò kà á, yóò sì lè dá a padà fún àtúnṣe. Bí ìkéde bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí asán kí ó sì parí rẹ̀ dáadáa. Àwọn tí ó ń rí owó gbà léraléra sábà máa ń ní ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, àkọsílẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ti kó jọ, àti alábàáṣiṣẹ́pọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ kí ìkéde tó dé.

Ará Ìlódè ńkọ́?

Ẹnìkan ṣì kù tí a kò tíì dárúkọ, òun náà sì ni a tìtorí rẹ̀ ń wá owó. Ká ní olùwádìí kan fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ tó ní Ìlódè. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tí a fẹ́ ṣe ìwádìí lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé lẹ́yìn tí a ti ṣàlàyé fún un. A mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ oògùn kan láti Amẹ́ríkà dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé. Àríyànjiyàn lórí bóyá ó yé àwọn òbí pé ìdánwò ni, wọ ilé ẹjọ́, ó sì di ọdún 2009 kí ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò tó fi àdéhùn parí ẹjọ́ tí ó wà láàárín wọn.

Iṣẹ́ èdè wọ inú ọ̀rọ̀ náà níbí. Bí a bá wí fún ìyá àgbà ní Ìlódè pé "ìwádìí" ni a bá wá, ó lè rò pé ọlọ́pàá ni ó rán wa. Bí a bá wí pé "àyẹ̀wò" ni, yóò rò pé ìtọ́jú ni, yóò sì máa retí oògùn. Bí a bá fẹ́ dán oògùn méjì wò, tí a wí pé a ó ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò béèrè pé, "Ẹ̀yin dókítà kò wá mọ èyí tí ó dára jù ni?" Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn òtítọ́ sì ni pé a kò mọ̀, nítorí èyí ni a ṣe ń wádìí. Kò sí bí ìyá náà ṣe lè gbà tọkàntọkàn bí a kò bá sọ èyí fún un ní èdè tí ó yé e.

Nítorí náà, ó yẹ kí owó fún kíkọ àlàyé náà ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán, àti fún dídán an wò létí àwọn ará àdúgbò, wà nínú ìwé àbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí owó ìpadàbọ̀ náà wà níbẹ̀: ọjọ́ tí olùwádìí yóò padà sí Ìlódè, tí yóò jókòó pẹ̀lú àwọn tí ó fún un ní ẹ̀jẹ̀ wọn, tí yóò sì sọ ohun tí ó rí fún wọn. Bí èyí kò bá sí nínú ètò ìnáwó, kò ní í ṣẹlẹ̀, nítorí pé owó yóò ti tán kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè ṣe èyí pẹ̀lú àwọn oníṣègùn. Iṣẹ́ wọn ni.

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí olùwádìí kọ́kọ́ wo Ìlódè, kí ó wo wọ́ọ̀dù tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kí ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì wá ẹni tí wọn yóò jọ ru ẹrù náà. Bí ìròyìn owó bá wá dé, láti Àbújá ni o, láti òkèèrè ni o, yóò bá a lójú ọ̀nà.