Òṣùwọ̀n Ọ̀wọ̀ Láàrin Àwọn Ará Jàpáànù àti Yorùbá

1.0 Ìfáárà
Onírúurú ẹ̀yà ni ó ń gbé, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, ní Lẹ́kkí Phase 1 ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ọ̀dọ́ Yorùbá kan bá bá ará Jàpáànù ṣiṣẹ́ pọ̀ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, yóò tètè rí ohun tí ó jọ ti ilé rẹ̀. Ibi tí ìjọra náà parí sí ni èdè-àìyedè ti lè bẹ̀rẹ̀. Àlàyé ibi náà ni àfojúsùn àpilẹ̀kọ yìí.

2.0 Ìjọra
Bí ọmọ Yorùbá ṣe ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ará Jàpáànù ń tẹrí ba. Bí ọ̀wọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe tẹ̀ tó. Bí Yorùbá ṣe ya ẹ̀gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àbúrò, èdè Jàpáànù ní *ani* fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti *otōto* fún àbúrò ọkùnrin. *Otsukaresama*, tí òṣìṣẹ́ fi ń kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò jìnnà sí "ẹ kú iṣẹ́".

3.0 Ìyàtọ̀
Lọ́dọ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá ju ni lọ kò kúrò ní "ẹ̀yin" àti "wọ́n", ẹni yòówù tí ì báà máa gbọ́. Ní Jàpáànù, ààlà wà láàrin *uchi*, ti inú ilé, àti *soto*, ti ìta. Òṣìṣẹ́ a máa pe ọ̀gá rẹ̀ ní *Tanaka-san* tàbí kí ó fi oyè iṣẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà láti ìta bá béèrè ọ̀gá náà lórí tẹlifóònù, "Tanaka" lásán ni òṣìṣẹ́ yóò wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni *otōsan*, tí ọmọ fi ń pe bàbá rẹ̀, ń di *chichi* bí ó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ará ìta.

Létí Yorùbá, àrífín ni èyí. Lójú ará Jàpáànù, àlejò ni ọ̀wọ̀ tọ́ sí: gbogbo ilé iṣẹ́, tọ̀gá tọmọṣẹ́, ni ó jọ rẹ ara wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Chie Nakane ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1967 pé agbo tí ènìyàn wà ni ará Jàpáànù kọ́kọ́ fi ń ṣàfihàn ara rẹ̀, kí ó tó kan irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

4.0 Ìgúnlẹ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Nítorí náà, kí olùkọ́ àṣà má ṣe kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè bóyá ẹ̀yà kan ní ọ̀wọ̀ tàbí kò ní. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni: ta ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, níwájú ta sì ni?