Ṣé O Mọ̀? Ìwọ Nìkan ní Brighton

Ṣé o mọ̀ pé láti ibùdókọ̀ Victoria ní London, nǹkan bí wákàtí kan péré ni ọkọ̀ ojú irin fi ń gbé ènìyàn dé etí òkun Brighton? Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti ń gbé London tipẹ́ kò tíì débẹ̀ rí, àfi bí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ bá háyà bọ́ọ̀sì. Bí ẹnì kan bá sì ní òun fẹ́ dá lọ, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìwọ àti ta ni?" Ní tèmi, kí ó dá lọ. Ẹni tó ń tọ́jú kúlà oúnjẹ àti ọmọ mẹ́rin létí omi kì í ráyè wo ìlú, bẹ́ẹ̀ ìlú yìí tó ó wò.

Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá Balcombe, kí ẹ tó dé Haywards Heath, ọkọ̀ yóò gba orí afárá gíga kan tí wọ́n ṣí ní 1841. Bíríkì bíi mílíọ̀nù 11 ni wọ́n fi mọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Netherlands. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kì í rí afárá náà fúnra rẹ̀. Àfonífojì tútù yọ̀yọ̀ nísàlẹ̀ ni yóò rí, kò sì ní pẹ́ kọjá, nítorí náà gbé orí kúrò lára fóònù.

Ṣé o mọ̀ pé dókítà kan ló sọ abúlé apẹja yìí di ìlú olókìkí? Richard Russell lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní Lewes. Ní 1750 ó fi èdè Látìn kọ ìwé kan pé omi òkun ń wo àìsàn tó ń mú kókó ara wú. Kò ní kí àwọn aláìsàn kàn máa fi wẹ̀ nìkan o, ó ní kí wọ́n máa mu ún. Èyí kò ní ya àwa lẹ́nu púpọ̀, àwa tí a mọ àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bu omi ìwẹ̀ létí òkun Èkó. Àwọn olówó gbọ́, wọ́n ya lọ. Wọn yóò wọ yàrá onípákó kékeré kan tó ní kẹ̀kẹ́ lábẹ́, ẹṣin á fà á wọ inú òkun, obìnrin alágbára kan tó dúró sínú omi á sì gbá wọn mú, á rì wọ́n bọ inú rẹ̀. Martha Gunn ló lókìkí jù nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí. Àrẹ̀mọ ọba pàápàá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó kú ní 1815.

Ibojì rẹ̀ wà lọ́gbà ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas, lórí òkè, kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Phoebe Hessel náà sùn síbẹ̀, obìnrin tó múra bí ọkùnrin kó lè ṣe sójà. Òkúta orí ibojì rẹ̀ sọ pé 1713 ni wọ́n bí i. 1821 ló sì kú. Ṣírò rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í yà síbẹ̀, òkun ti ń pè wọ́n. Ìwọ yà ní tìrẹ, torí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tí ó jẹ́ tiwa.

Ṣé o mọ̀ pé níbẹ̀ ni Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, ti ṣègbéyàwó ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862? Sarah Forbes Bonetta ni àwọn òyìnbó mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó ìlú rẹ̀ ní 1848, tí wọ́n pa òbí rẹ̀, tí wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Bonetta, lọ bá Ọba Gezo pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gezo kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó fa ọmọbìnrin yìí lé e lọ́wọ́ pé kí ó gbé e fún Ọbabìnrin Victoria. Wọ́n fi ènìyàn ta ènìyàn lọ́rẹ. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti orúkọ ọkọ̀ náà ni wọ́n sì sọ ọmọ ọlọ́mọ. Victoria fẹ́ràn rẹ̀, ó gbà á bí ọmọ ìsàmì, ó sì gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọkọ ìyàwó, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ńlá ni ní Èkó. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, ará Abẹ́òkúta àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú sì làwọn òbí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́wàá ló gbé àwọn èrò ìgbéyàwó dé, ọmọge 16 ló tẹ̀ lé ìyàwó. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú fa obìnrin òyìnbó lọ́wọ́ wọlé, ọkùnrin òyìnbó fa obìnrin aláwọ̀ dúdú, ìlú sì jáde wá wòran. Ṣùgbọ́n Àìná kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà fún Davies, kò sì fẹ́ràn ilé tí wọ́n fi í sí ní Brighton kí ìgbéyàwó tó wáyé. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ó wù mí kí ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà rántí èyí náà, kì í ṣe aṣọ àti ẹṣin nìkan. Àkọ́bí wọn, Victoria ni wọ́n sọ ọ́, ọbabìnrin sì tún gbà á bí ọmọ ìsàmì. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa Àìná ní erékùṣù Madeira ní 1880. Davies mọ òpó òkúta ìrántí fún un ní ìwọ̀ oòrùn Èkó, níbi tó dá oko kòkó sí, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa.

Ààfin tó wà láàárín ìlú, Royal Pavilion, Ọbabìnrin Victoria kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìlú rà á ní 1850 ní £53,000. Òde rẹ̀ jọ ti Íńdíà, inú rẹ̀ kún fún dírágónì ilẹ̀ Ṣáínà. Ṣé o mọ̀ pé láti ìparí 1914 di ìbẹ̀rẹ̀ 1916, ilé ìwòsàn ni, fún àwọn sójà Íńdíà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun France? Ilé ìdáná mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣí kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ èèwọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀. Híńdù àti Síìkì 53 tó kú ní àwọn ilé ìwòsàn Brighton, orí òkè lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti sun òkú wọn, ilé ìrántí funfun tó ń jẹ́ Chattri sì wà níbẹ̀ dòní.

Létí omi, má retí iyanrìn. Òkúta roboto ló kún ibẹ̀. Inú òkè ẹfun ni wọ́n ti jáde, irú akọ òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ń ṣáná, òkun ló lọ̀ wọ́n tí wọ́n fi ń dán. Wọ bàtà tó nípọn.

Bí o bá ra ẹja díndín pẹ̀lú ṣíìpìsì, ẹyẹ òkun á wá bá ọ pín in. Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ Yunifásítì Exeter dán an wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019? Bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ẹyẹ náà, ó máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 21 pẹ́ sí i kí ó tó sún mọ́ oúnjẹ. Ìwọ tí o dá wá kò ní ẹni tí yóò bá ọ ṣọ́ ẹ̀yìn, nítorí náà fẹ̀yìn ti ògiri, kí o sì wo ẹyẹ lójú. Má ṣe lù ú o, òfin ń dáàbò bò ó.

Afárá ìgbafẹ́ méjì ló wọ inú òkun: èyí tí wọ́n ṣí ní 1899 ṣì ń gba èrò, ti 1866 jóná ní 2003, ó ku egungun irin. Èmi fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin Magnus Volk jù wọ́n lọ. Ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1883 ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létíkun, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin oníná tó dàgbà jù ú tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láyé. Volk yìí kan náà tún ṣe òmíràn ní 1896, tí ojú irin rẹ̀ wà lábẹ́ òkun, tí àwọn èrò sì jókòó lókè téńté lórí ẹsẹ̀ irin gígùn mẹ́rin. Wọ́n ní kí ó gba ọ̀gá awakọ̀ òkun àti ọkọ̀ ìgbàlà sínú rẹ̀. Kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìjì fi bì í wó. Volk tún un ṣe, ó sì lò ó di ọdún 1901. Wo àkókò tí òkun ń kún àti èyí tó ń fà kí o tó gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá fà tán, lọ sí ìlà oòrùn Marina, èbúté ọkọ̀ ìgbafẹ́ ìlú náà, wàá rí àwọn bulọ́ọ̀kù kọnkéré tí wọ́n to ojú irin náà lé, tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lọ sí ọ̀nà Rottingdean.